Ta Ni Yóò Máa Di Òpó Mú?

Ohùn ọkọ mi tí mo gbọ́ kẹ́yìn, láti ẹ̀yìn ilé ló ti wá. Ó ń yí òpó antẹ́nà, ó ní, "Ìyá Wúrà, ṣé ó ti hàn?" Ó ti hàn kedere. Eré tó ń lọ nínú tẹlifíṣọ̀n ló pa mí lẹ́rìn-ín tí mi ò fi fèsì. Ó gba Ifọ̀ lọ kí àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò padà wá láàyè. Lẹ́yìn náà ni ìjì sún òpó yẹn, tí àwòrán wa ń rọ òjò funfun. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni tún yí i, torí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn ti ẹ̀yìn ilé bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ní 2008, mo di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà tí àwọn ọmọ dá fún mi mọ́ ìdí aṣọ, mo gba ṣọ́ọ̀bù Gbémiga lọ ní ìdíkọ̀ Lotto, láti ra tẹlifíṣọ̀n tí kò nílò òpó.

Gbémiga dọ̀bálẹ̀ àbọ̀, ó dìde. "Ẹ káàsán, Mọ́mì! Ẹ má ra onídìí ńlá mọ́ o. Ayé ti di pẹlẹbẹ."

"Ìwọ̀nba ìwé tí mo kà, róbótó ni wọ́n ní ayé wà."

"Tẹlifíṣọ̀n ni mò ń sọ, Mọ́mì. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, HD ni. Tí oníròyìn bá jókòó síbẹ̀, ẹ ó ka irun imú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Kí ni mo fẹ́ fi irun imú rẹ̀ ṣe? Ṣé èmi ni mo fẹ́ bá a fá a ni?"

"Ẹ ó rí òógùn lójú agbábọ́ọ̀lù!"

"Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ mi fi ṣe bíríkìlà, Gbémiga. Òógùn tí mo ti rí tó mi."

Ó tẹ nǹkan kan. Ẹja pupa, ẹja aláwọ̀ ewé, gbogbo wọn ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń dán bí ẹni pé ọṣẹ ni wọ́n fi fọ òkun.

"Háà! Èló ni ẹja yìí?"

"Tẹlifíṣọ̀n, Mọ́mì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje."

"Ogójì ló wà lọ́wọ́ mi. Tí a bá yọ àwọn ẹja kéékèèké yẹn kúrò ńkọ́?"

"Wọn ò ṣeé yọ!"

"O ò fẹ́ tajà nìyẹn."

"Ó dáa, ó dáa. Tókúnbọ̀ kan wà nílẹ̀, HD náà ni. Ó sán díẹ̀ létí. Ẹ mú ogójì yẹn wá."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ṣé èyí kì í bèèrè òpó?"

"Òpó kẹ̀? HD, Mọ́mì! Ayé ti kọjá ibẹ̀."

"Kó ẹja kúrò, fi ìròyìn sí i kí n rí i."

Gbémiga họ orí. Ó fa wáyà antẹ́nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wọlé láti ìta, ó kì í bọ tókúnbọ̀ nídìí. Òjò funfun bo gbogbo ojú rẹ̀.

"Gbémiga, òjò tìrẹ yìí mọ́ o. Mo lè ka ẹ̀kán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Àwọn tó ń ṣe ìròyìn ni kò tíì ní HD, Mọ́mì. Ó máa dé láìpẹ́."

"Kí n wá tẹ́ àwo, kí n máa retí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin ìrẹsì l'Ọ́fàdà?"

"Ẹ jẹ́ kí n kàn fọwọ́ tọ́ antẹ́nà díẹ̀."

"Ìwọ tó o ní ayé ti kọjá ibẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀ kó kọjá!" Ó sá jáde. Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi gba ojú wíńdò wọlé: "Mọ́mì! Ṣé ó ti hàn?"

Mo yí ojú sí wíńdò, mo tún yí i padà.

"Mọ́mì, ṣé ó ti hàn?"

"Mo rí ojú kan!"

"Ojú ta ni?"

"Ojú èèyàn! Yí i sọ́nà Èkó!"

"Báyìí ńkọ́?"

"Oníròyìn ti di méjì! Ìkejì ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀ bí orogún!"

"Ọ̀nà Abẹ́òkúta ńkọ́?"

"Orogún ti kó jáde! Dúró bẹ́ẹ̀!"

Àwòrán mọ́ roro. Gbémiga fi òpó sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀ wá gbowó. Òjò dé.

"Padà! Padà lọ dì í mú!"

Ó dì í mú. Òjò dá.

"Mọ́mì, ṣé ó ti hàn?"

"Irun imú ti dé, Gbémiga! Mo ti ka mẹ́ta!"

"Ẹ wá sọ pé ó ti hàn!"

"Gbé ọwọ́ òsì sókè ná!"

Ó gbé e.

"Fi ẹsẹ̀ kan dúró!"

"Kí lẹsẹ̀ fẹ́ ṣe fún tẹlifíṣọ̀n, Mọ́mì?"

"Ṣé èmi ni mo ní HD ni?"

"Àwọn tó ń dúró de mọ́tò Ibafo ti ń fi mí rẹ́rìn-ín! Apá ń ro mí! Ẹ ṣáà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré kí n wọlé, ṣé ó ti hàn?"

Mo ń rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú. Mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Gbémiga ló kọ́kọ́ bi mí, ọkọ mi ni.

"Mọ́mì! Ṣé ẹ máa rà á àbí ẹ ò rà á?"

"Màá rà á! Èló ni, tá a bá di òun àti ìwọ pọ̀?"

Mo gbé ogójì mi padà sílé. Òpó ọkọ mi ṣì wà bí ìjì ṣe fi í sílẹ̀. Ọkọ mi bi mí bóyá ó ti hàn. Mi ò tíì dá a lóhùn.