Líǹkì Irinwó fún Ìyá Onímaṣíìnì

Lánàá ni ẹjọ́ kan pariwo wọ ààfin, inú gbogbo wa sì dùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò wá fẹjọ́ sùn. Àwọn olóyè ti ń hanrun lórí ìjókòó. Kábíyèsí fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í parí ìjà fún ológbò méjì.

Ìyá Onímaṣíìnì ló wọlé, obìnrin tó ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe. Òróró ṣì wà ní ìka rẹ̀. Ó ń wọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ lápá, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí! Ọkọ mi kékeré ti ba tèmi jẹ́!"

"Kí ló ṣe?"

"Ó lẹ líǹkì mọ́ mi lára!"

Kábíyèsí fà sẹ́yìn. "Ṣé ó máa ń ran èèyàn?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Mo ní ìkànnì kan lórí ayélujára. Ẹni tí maṣíìnì rẹ̀ bá bàjẹ́ á béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìṣàwárí pé ta ló lè tún un ṣe. Èmi ni mo máa ń jáde ṣìkẹta. Líǹkì wá dà bí ìgbà tí ẹnì kan dúró níwájú ilé tirẹ̀, tó na ìka sí ìsọ̀ mi pé, 'Ọ̀hún ni kẹ́ ẹ lọ.' Bí ẹni iyì bá na ìka sí mi, ẹ̀rọ ìṣàwárí á gbé mi sókè. Ẹni mẹ́rin ló ń na ìka sí mi, ó sì tó mi. Ọkọ mi kékeré ní kò tó."

"Mẹ́rin kẹ̀!" Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà ti fò sókè. "Kábíyèsí, mo bá a wá irinwó ó lé méjìlá. Láàárín ọjọ́ méjì! Mi ò jẹun, mi ò wẹ̀!"

"Irú ilé wo ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń na ìka?"

"Oríṣiríṣi ni, Kábíyèsí. Àwọn oní tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ta oògùn ìhanrun. Àwọn tó ń gẹ irun ajá."

"Ẹ sọ ti òkú!" ni Ìyá Onímaṣíìnì ké.

"Òkú kan ṣoṣo ni."

"Kábíyèsí, ojú ìwé tí àwọn kan ti ń dárò bàbá wọn ló lọ kọ ọ́ sí! 'Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Bí maṣíìnì yín náà bá ti dákẹ́, ẹ tẹ ibí.'"

Olóyè kan bú sẹ́rìn-ín, ó sáré sọ ọ́ di ikọ́.

"Ẹ̀rọ ìṣàwárí wò mí, ó ní irú èèyàn wo lèyí tó ń bá oní tẹ́tẹ́ rìn? Ó jù mí sí ojú ìwé kẹsàn-án. Ta ló ń dé ojú ìwé kẹsàn-án, Kábíyèsí? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rè é, ẹyọ abẹ́rẹ́ kan ò wọlé sí mi. Bí oṣù yìí bá parí báyìí, màá kó irinṣẹ́ mi sínú àpò, màá ti ìsọ̀ náà pa."

Ó fi ọwọ́ olóróró nu ojú. Gbogbo ààfin káàánú rẹ̀.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà nìkan ni ò káàánú. "Kì í ṣe líǹkì ló lé oníbàárà, Kábíyèsí. Ẹnu ìyàwó wa ni! Mo ní ẹlẹ́rìí méjìlá."

Wọ́n tò wọlé. Ẹni tó ń ta fóònù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá tó dára jù lọ tó sún mọ́ yín."

Onífótò tẹ̀ lé e: "Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá tó dára jù lọ tó sún mọ́ yín."

Alágbàfọ̀ la ẹnu: "Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá..."

"Dúró ńbẹ̀!" ni Kábíyèsí wí. "Ìwọ, láti ìgbà wo lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Láti kékeré, Kábíyèsí. Inú ilé kan náà la gbé dàgbà."

"Na ìka sí i."

Alágbàfọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó na ìka sí olóyè tó ń húkọ́.

Kábíyèsí lé mọ́kọ̀ọ̀kànlá jáde. Ó wá ku ẹlẹ́rìí kan, Tíṣà Àgbà, ìyá tó ni ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ. Ọdún méjì ni òun àti Ìyá Onímaṣíìnì ò ti kí ara wọn. Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà fọwọ́ pa ọwọ́.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé ẹnu ìyàwó wa dáa?"

"Ẹnu rẹ̀ burú. Níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ti ní mo ń tẹ maṣíìnì bí ẹni ń pa àkekèé."

"Ẹ ò gbọ́ bí, Kábíyèsí!"

"Mi ò tíì parí. Jókòó! Maṣíìnì mẹ́rìndínlógún ló tún ṣe fún mi lọ́jọ́ náà. Títí dòní, ìkankan nínú wọn ò tíì já òwú. Mi ò fẹ́ rí i sójú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lọ́la, òun náà ni màá pè. Màá kàn dijú nígbà tó bá ń wọlé."

Ìyá Onímaṣíìnì rọra béèrè: "Ṣé ẹ ṣì ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mà?"

"Mo ti dín in kù."

Kábíyèsí fọwọ́ lu àga. "Ó tó! Tíṣà Àgbà, ṣé ilé ẹ̀kọ́ yín ní ìkànnì?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá."

"Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ sọ yìí síbẹ̀, kẹ́ ẹ na ìka sí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ má yọ ti àkekèé o."

"Kábíyèsí," ni Ìyá Onímaṣíìnì bẹ̀bẹ̀, "èébú yẹn ńkọ́?"

"Èébú yẹn ló jẹ́ kí n gba ìyókù gbọ́. Ìwọ Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ara rẹ ni wàá fi yọ irinwó ó lé méjìlá yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá sì tọrọ àforíjì níbi kọ̀ọ̀kan. Ti olókùú, ẹsẹ̀ ni wàá fi rìn lọ bá wọn nílé."

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi! Ẹ tiẹ̀ ro ti tiyín tí mo ṣe lọ́fẹ̀ẹ́!"

"Tèmi wo?"

"Ìkànnì ààfin, tí wọ́n ti ń forúkọ ẹjọ́ sílẹ̀. Líǹkì ẹgbẹ̀rin ni mo bá yín wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rè é."

Akọ̀wé ààfin sáré yọ fóònù. Ó tẹ̀, ó tẹ̀, òógùn bò ó. "Kábíyèsí, ojú ìwé kọkànlá la wà. Àwọn olóògùn ìhanrun ló wà níwájú wa."

Kábíyèsí dìde. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, wọ́n lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà.

"Ìyá Onímaṣíìnì, sún díẹ̀. Èmi náà wá fẹjọ́ sùn."

Kí a tó béèrè ẹni tó máa dá a, Tíṣà Àgbà ti jókòó sórí àga Kábíyèsí.

"Kábíyèsí, ẹ dúró dáadáa, ẹ má fara ti ògiri. Ìwọ, kó ẹgbẹ̀rin kún irinwó ó lé méjìlá. Orí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni wàá jókòó sí títí wàá fi yọ gbogbo rẹ̀ tán. Àtàǹpàkò òsì nìkan ni kó o lò."

"Mà, ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń lò!"

"Mo mọ̀."