Àlàó Pe Gbogbo Okala Wá Jẹun

Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Ẹ wá sí Atong Abè ní Libreville, kí ẹ béèrè Àlàó alábọ́. Abọ́ tánganran olódòdó ni ó ń tà o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé òun ló ni èbúté, òun náà ló sì yá ìjọba ní ọ̀pá tí wọ́n fi ta àsíá. "Patron", ìyẹn ọ̀gá lédè Faransé, ni ó fẹ́ kí gbogbo ayé máa pe òun. Oníbàárà tó bá pè é ní Àlàó lásán, á máa wo àjà ilé títí onítọ̀hún á fi tún un pè.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, télọ̀ ni mí. Ògiri pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé tèmi àti tirẹ̀, nítorí náà kò sí irọ́ tí Àlàó pa rí tí etí mi ò gbọ́. Mi ò sọ pé mi ò gbádùn wọn o!

Ohun kan wà tí Àlàó fẹ́ràn ju owó lọ. Kí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, kí èèyàn máa kọjá, kí ó nawọ́ sókè, kí ó ké pé, "Ẹ wá jẹun!" Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Ẹni tó ń jẹun á ní ẹ wá jẹun, ẹni tó ń kọjá á ní á gba ibi ire o, kálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. Láàárín àwa Yorùbá tó wà lọ́jà, Àlàó lè pe ọgọ́rùn-ún èèyàn wá jẹun láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan òkèlè rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ ọ̀làwọ́.

Ní ọdún 1961, tí òmìnira Gabon pé ọdún kan, òyìnbó kan fi ọkọ̀ ojú omi kó ọgbà ìṣeré wá. Ẹṣin onígi tó ń yípo, jangirọ́fà tó ga ju ilé alájà méjì lọ, mọ́tò kéékèèké tó ń kọlu ara wọn, gbogbo rẹ̀ ló tò sí etí òkun ní Okala. Àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì máa yin iná aláràbarà sójú ọ̀run. Ẹni tó bá ti wọlé, bó bá jáde, kò tún gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ń kó wa láti Atong Abè lọ, òun náà ló sì máa kó wa padà lẹ́yìn iná. Ohun tí èèyàn bá máa jẹ láti àárọ̀ títí dìgbà yẹn, ó gbọ́dọ̀ ti rò ó nílé.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ló sì dá ìjà sílẹ̀ nílé Àlàó nígbà tó ku ọ̀la ká lọ.

"Èèyàn gidi kì í gbé ìkòkò lọ sí irú ibẹ̀ yẹn," Àlàó wí. "Rẹ́sítọ́rántì wà níbẹ̀. Tábìlì! Aṣọ funfun! Fọ́ọ̀kì! Ìdílé Patron á jókòó, wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá wa."

Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Ẹran wo ni wọ́n ń sè níbẹ̀?"

"Ẹran... ẹran gidi ni!"

"Ṣé màlúù ni, àbí èyí tó ń fimú tú ilẹ̀?"

Ìrun márààrún ni Àlàó ń kí, kò sì lè búra fún ìkòkò òyìnbó.

"Ó dáa," ó ní, "a ó gbé oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n a ò ní gbé e bí ẹni tó ń sá ogun. Bàsíà ńlá tó wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi, èyí tó ní òdòdó pupa nínú, òun la máa lò."

"Ẹ ò ṣe kúkú gbé ṣọ́ọ̀bù náà lọ?"

"Sìkírátù!"

"Mo ti dákẹ́. Màá sè é ní ìlọ́po méjì, ìdajì fún ọ̀sán, ìdajì fún ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ọmọ lè jẹ lẹ́ẹ̀mejì kí ọkọ̀ tó gbé wa padà. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Morìnsọ́lá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi oúnjẹ àwọn ọmọ yìí ṣe fáàrí o."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àlàó dénú. Ó dìde. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ bá tún lọ sókè sí i. "Télọ̀, wá ṣe ẹlẹ́rìí! Bí ebi bá pa ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí lọ́la, èmi Àlàó ni màá máa dáná ilé yìí fún oṣù kan gbáko! Màá gúnyán! Màá fọ ìkòkò!"

Sìkírátù wá gbójú sókè wàyí. "Télọ̀, ṣé ẹ gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Inú mi ti ń dùn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Sìkírátù ti parí iṣẹ́. Ìrẹsì tó pọ́n dòò, mọ́ínmọ́ín eléwé, ẹja díndín, dòdò, ẹyin sísè. Ọkùnrin méjì ló gbé bàsíà yẹn sínú ọkọ̀. Àlàó wọ agbádá, ó jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ gbá a bí ẹni pé òun ló sè é.

Nígbà tí a dé Okala, Sìkírátù rí ibi tútù kan lẹ́yìn igi máńgòrò. "Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ẹní síbí."

"Ta ló máa rí wa níbẹ̀?"

"Àwa fúnra wa."

Àlàó rẹ́rìn-ín. Àárín ọ̀nà gan-an ni ó tẹ́ ẹní sí, láàárín ẹnubodè àti àwọn ẹṣin onígi, níbi tí kò sí ẹsẹ̀ tí kò ní gbà. Ó ṣí bàsíà. Òórùn dòdò gba gbogbo ọgbà kan.

Èmi ni mo kọ́kọ́ kọjá. "Télọ̀, ẹ wá jẹun!" "Á gba ibi ire o, Patron!" Mo bá tèmi lọ. Ohun gbogbo ń lọ bó ṣe yẹ.

Ẹni tó tẹ̀ lé mi ni Barthélemy, akọ̀wé kan tó dé fìlà, tòun ti Eugénie ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin. Àlàó ti lo ọdún mẹ́jọ ní Libreville, àárín tiwa nìkan ló sì ti ń jẹun. Kò mọ Faransé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ wá jẹun. Ó na apá méjèèjì, ó sì ké débi pé ẹni tó ń yí ẹṣin onígi bojú wẹ̀yìn.

"Monsieur! Madame! Venez manger!"

Barthélemy dúró. Ó wo Àlàó, ó wo bàsíà, ó ṣí fìlà. "Vraiment?" Ó ń béèrè bóyá òótọ́ ni.

"Mais oui! Venez, venez!"

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọmọlúàbí ni Barthélemy. Wọ́n pè é, ó wá. Níbi tí wọ́n bí i sí, ẹni tó ní kí o wá jẹun, ó fẹ́ kí o jẹun ni. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé àwa máa ń pe èèyàn kí ó lè kọjá? Ó bọ́ bàtà, ó jókòó. Eugénie jókòó. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó. Eugénie wá rọra béèrè abọ́ lọ́wọ́ Sìkírátù. Ojú tí Sìkírátù fi wo ọkọ rẹ̀ gbóná tó láti din ẹja.

Wọ́n jẹ, wọ́n sì yìn ín. "C'est bon, Patron!" Barthélemy wí. Patron! Ẹ ò rí nǹkan! Àlàó wú títí agbádá fi fẹ́ kéré sí i lára. Àwọn tó ń kọjá rí i pé èèyàn ń jẹun níbẹ̀, wọ́n dẹ ẹsẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á bojú wolẹ̀. Ẹnu Àlàó kò gbọ́ ti orí.

"Venez manger!" Atukọ̀ òkun méjì jókòó. "Venez manger!" Ìyá arúgbó kan jókòó pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ń bọ̀ lọ́wọ́ọ̀wọ́, àwọn méjìlá nínú aṣọ funfun.

"Bàbá Morìnsọ́lá," Sìkírátù fi ohùn ìsàlẹ̀ wí, "ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ dákẹ́."

"Báwo ni màá ṣe dákẹ́? Wọ́n ti ń wò mí! Venez manger!"

Àwọn akọrin yẹn kọrin ìdúpẹ́ kí wọ́n tó jẹun, wọ́n sì tún kọ òmíràn nígbà tí wọ́n jẹ tán. Láàárín orin méjèèjì, oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ lọ. Èmi náà, nígbà tí mo rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, mo padà wá kọjá. Nígbà tí ó ní kí n wá jẹun, mi ò sọ pé á gba ibi ire mọ́. Ẹ má bínú sí mi, mọ́ínmọ́ín kan péré ló kù, mi ò sì fẹ́ kó ṣòfò.

Aago méjì kò tí ì lù tí òdòdó pupa fi hàn gbangba nísàlẹ̀ bàsíà. Sìkírátù ti sáré bu díẹ̀ fún àwọn ọmọ. Àlàó alára kò tọ́ nǹkan kan wò, nítorí onílé kì í kọ́kọ́ bu oúnjẹ ṣáájú àlejò, àlejò kò sì tán.

Àwọn ọmọ lọ gun ẹṣin onígi. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin, Àlíù kékeré wá dìrọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. "Màámi, ebi."

Sìkírátù yíjú sí ọ̀dọ̀ mi, èmi ẹlẹ́rìí.

"Ebi kọ́ nìyẹn!" Àlàó fò dìde. "Oorun ni! Mò ń bọ̀." Ó sáré lọ sí rẹ́sítọ́rántì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Búrẹ́dì ti tán, ẹja ti tán. Èyí tó ń fimú tú ilẹ̀ nìkan ló kù nínú ìkòkò.

Obìnrin kan wà lórí ẹní tó tẹ̀ lé tiwọn, Régine ni wọ́n ń pè é. Láti àárọ̀ ló ti ń wo Àlàó. Ó tú ẹrù rẹ̀ wàyí: ẹja sísun tí wọ́n fi ewé dì, òórùn èéfín ṣì wà lára rẹ̀, àti màníọ̀kì gígùn, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n dì sínú ewé. Ó fi ọwọ́ pè wọ́n tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Patron! Venez manger, vous et la famille!"

Àlàó ti sún síwájú lórí ẹní. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé. Èèyàn kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ kó bù ú jẹ. O máa kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n á rọ̀ ọ́. O máa tún kọ̀, wọ́n á bẹ̀ ọ́. Ìgbà kẹta ni wàá wá sọ pé, ó dáa, nítorí tiyín ni o. Àlàó gbé ọwọ́ lé àyà. "Non, non, merci! A ti jẹun yó!" Ó wá dúró de ẹ̀bẹ̀.

"D'accord," Régine wí, ó ní ó dáa. Ó yíjú padà sídìí ẹja rẹ̀.

Àlàó dúró. Ó dúró sí i. Ó wúkọ́. "Télọ̀, kò tún pè wá mọ́?"

"Ẹ ní ẹ ti yó."

"Kò ní bẹ̀ mí ni? Àní ẹ̀ẹ̀kan péré?"

Libreville ni wọ́n bí Morìnsọ́lá sí, ọmọ ọdún méje ni, kò sì ní àkókò fún ìyẹn. "Moi, madame, j'ai faim!" ó kígbe, ó ní ebi ń pa òun. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì ti dé orí ẹní Régine kí bàbá wọn tó mọ̀. Régine rẹ́rìn-ín, ó sún fún wọn. Sìkírátù tún gèlè rẹ̀ wé. "Ẹja ni," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Ẹja ò léèwọ̀." Òun náà lọ. Èmi náà lọ, nítorí ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọ̀rọ̀.

"Bàbá yín ńkọ́?" Régine béèrè.

"Bàbá ní àwọn ti yó," Morìnsọ́lá dáhùn, ẹja kún ẹnu rẹ̀.

Àlàó jókòó ti bàsíà òfìfo, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹja náà dùn.

Wọ́n yin iná tán, a wọ ọkọ̀. Barthélemy wà níbẹ̀, ó ń ròyìn Patron fún gbogbo èrò, bí ó ṣe bọ́ gbogbo Okala. Ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un ni inú Àlàó ti kùn hùnùùù, tó gùn, tí gbogbo wa gbọ́ ọ.

"Kí ló dún yẹn?" Sìkírátù béèrè. "Àbí ebi ń pa ẹnì kan nínú ilé wa ni?"

"Ebi kẹ̀? Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ni!"

"Wọn ò tí ì ṣáná sí ọkọ̀."

Nígbà tí a délé, Sìkírátù sọ ọ́ sókè kí n lè gbọ́. "Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo wa ti yó, tí ebi ò sì pa ẹnikẹ́ni, mi ò rí ìdí tí a ó fi dáná." Ó kó àwọn ọmọ wọ yàrá.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ nǹkan lẹ́yìn ògiri pákó. Fùù, fùù, ikọ́. Fùù, ikọ́. Mo fojú sí ihò pákó. Patron ti bọ́ agbádá, ó dọ̀bálẹ̀ sídìí àdògán, ó ń fẹ́ iná, eérú ti bo irùngbọ̀n. Iṣu ló fẹ́ sè. Ó bẹ èèpo rẹ̀ débi pé ìdajì iṣu bá èèpo lọ. Kò dúró kó jinná. Ó fi epo àti iyọ̀ sí i, ó gbé ègé kan, ó ti fẹ́ dé ẹnu.

Ilẹ̀kùn ṣí. Sìkírátù dúró síbẹ̀ tòun ti fìtílà, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àlàó kò ronú. Bí ó ti rí èèyàn tí oúnjẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti sọ ohun tó máa ń sọ. "Ẹ wá jẹun."

Sìkírátù gbé fìtílà sílẹ̀. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó fi omi ṣan ọwọ́. "Ẹ ṣeun, Bàbá Morìnsọ́lá. Morìnsọ́lá, Àlíù, ẹ jókòó. Bàbá yín ní ká wá jẹun." Ó wá kọjú sí ògiri. "Télọ̀, ẹ yọjú yín kúrò ní ihò yẹn, kí ẹ gba iwájú wọlé. Oṣù kan ti bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Mo mú ṣíbí mi.