Ẹ̀rọ Tó Ya Odi Lọ́jọ́ Ìdíje

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́"? Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ pa ilẹ̀kùn yẹn dé ná. Mi ò mọ ẹni tó ń kọjá. Àwọn kan á sọ fún yín pé òwe yìí ti wà kí wọ́n tó la títì dé ìlú wa. Ẹ má dá wọn lóhùn. Inú ìdílé tèmi ló ti ṣẹ̀, kò sì tí ì pẹ́.

Ní agboolé Jagun tí wọ́n bí mi sí, a kì í tú ara wa fó. Bí o bá pàdé bàbá mi lọ́nà oko, tí o bi í pé, "Ẹ ń lọ síbo?", á ní, "Iwájú." Bí o bá pàdé rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀, tí o ní, "Níbo lẹ ti ń bọ̀?", á ní, "Ẹ̀yìn." Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Àbúrò mi Akínṣọlá, tó ń yọ búlọ́ọ̀kù, bí ọmọ kan, Dúrótoyè. Ọmọ yìí àti Ìbídùnní, ọmọ àbúrò wa obìnrin, jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi ohùn ènìyàn rán arúgbó létí àkókò oògùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo dá a lóhùn, mo tún súre fún un.

Ni wọ́n bá pè wọ́n sí hákátọ́ọ̀nù. Wọ́n á kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sínú gbọ̀ngàn kan, oníkálukú á jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, á parí ohun tuntun tó ń ṣe, àwọn adájọ́ á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lọ irú ẹ̀ rí. Akínṣọlá ní, "Dúrótoyè, bí wọn ò bá gba tìrẹ, o ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, o ó wá bá mi po yanrìn."

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fún wọn ní ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́.

"Bọ̀dá Dúró, ta ló ń fúnni láṣọ lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ẹni tó fẹ́ mọ ìwọ̀n ara ẹni ni."

Wọn ò gbà á. Wọ́n gbé mítípáì wá, wọn ò jẹ ẹ́. Ìyáàfin kan tó ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ wá bá wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ ń ṣe?"

"Ohun tí à ń ṣe ni, mà."

"Kí ló ń ṣe gan-an?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kọjá. Dúrótoyè ní, "O rí ẹ̀rín yẹn? Ẹ̀rín olè ni." Wọ́n fi ìborùn Ìbídùnní bo kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì sì ki orí bọ abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe tó ń gba ooru àgbo.

Láìpẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fura síra wọn.

"Ìbídùnní, bí wọ́n bá tàn ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n á tàn. Ẹ fẹ́ràn ìyìn jù!"

Ni wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti ẹ̀rọ náà pa. Dúrótoyè tẹ ìlàjì tirẹ̀, Ìbídùnní kọjú sógiri; Ìbídùnní tẹ ìlàjì tirẹ̀, Dúrótoyè kọjú sógiri. Àyàfi kí àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ kó tó lè ṣí.

Ìbídùnní jáde lọ tọ̀. Nígbà tó padà, ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, "Orúkọ?"

"Orúkọ ta?"

"Tìrẹ."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ẹ̀ṣọ́ fa àga fún un. "Jókòó síbí. Ìgbà tó bá wù ẹ́ láti sọ̀rọ̀, wàá wọlé."

Ó jókòó.

Nínú gbọ̀ngàn, sípíkà kígbe, "Dúrótoyè Akínṣọlá!" Ohùn wà, kò sójú. Nílé wa, a kì í jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún pè é. Ọmọkùnrin tó wà nítòsí nàka sí i: "Òun rèé!"

"Èmi kọ́."

Àwọn adájọ́ fúnra wọn bá sọ̀kalẹ̀ wá, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọmọ mi, ṣé ká fagi lé e ni?"

Yanrìn bàbá rẹ̀ wá sí i lọ́kàn. "Ẹ má fagi lé e, mà! Èmi ni!" Ó tẹ ìlàjì tirẹ̀. Ẹ̀rọ ń dúró de ìlàjì kejì. Ó sáré bẹ́ sójú fèrèsé. "Ìbídùnní! Sọ tìrẹ!"

Ìbídùnní wò ó, ó wo àwọn adájọ́ tó tò sẹ́yìn rẹ̀. "Bọ̀dá Dúró, ṣé wọ́n ti mú yín ni?"

"Wọn ò mú mi! Sọ ọ́!"

"Bí wọ́n ṣe ń fipá múni sọ ọ́ nìyẹn," ló wí, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Adájọ́ wo ẹ̀rọ títí, ẹ̀rọ ò wí nǹkan kan, adájọ́ kọjá. Ẹ̀rọ kan tó ń gbó bí ajá bí adìẹ bá wọ ilé ìdáná ló gbẹ̀bùn. Kódà, ó ń gbó nígbà tí kò sí adìẹ.

Nígbà tó yá, Dúrótoyè wà nídìí yanrìn. Àánú ṣe Ìbídùnní, ó gbé ẹ̀rọ náà wá, wọ́n tẹ ìlàjì méjèèjì. Ló bá pariwo: "Ẹ jí o, Màmá! Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru! Ẹ má fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí!"

Akínṣọlá ju mọ́ọ̀dù búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. "Háà! Ó ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ?"

Dúrótoyè wolẹ̀. Ìbídùnní wo òkè. Akínṣọlá lọ mú ṣọ́bìrì kejì wá fún Ìbídùnní. Mo wà níbẹ̀, etí mi ni mo fi gbọ́ ohun tó sọ:

"Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."