Olúwa-Ayé àti Agolo Fíìmù Rẹ̀

Ẹ bá mi kí Olúwa-Ayé, àmọ́ ẹ tẹríba dáadáa o, nítorí inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru. Ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́ ló ṣe olórí ọ̀daràn tó fẹ́ gba gbogbo ayé nínú fíìmù kan, láti ìgbà náà ni kò sì ti bọ́ kóòtù dúdú tó wọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Mìmì-kan-ò-lè-mì-ín! Amáyé-gbọ̀n-tí-kì-í-gbálẹ̀!

Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kó bá òun fọ àwo, á gbé àgbọ̀n sókè.

"Ta ló ń rán Olúwa-Ayé níṣẹ́ àwo?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, Bàbá wọn."

"Gbogbo ọba ayé ló wólẹ̀ fún mi nínú fíìmù yẹn. Lọ bi wọ́n!"

Ibo ló ti fẹ́ rí wọn bi? Fíìmù náà ti jáde kí wọ́n tó fẹ́ra, kò sì wò ó rí. Ó kàn ń fọ àwo ni. Ẹ̀yìn obìnrin yẹn ń ṣe mí láàánú.

Àfi bí wọ́n ṣe kéde pé ilé sinimá máa tún fíìmù náà gbé jáde. Àdúgbò ń yọ̀, ìyàwó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, Olúwa-Ayé nìkan ni ojú rẹ̀ fà ro. Agolo méjì ni wọ́n ká fíìmù náà sí, ìdajì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọn ọba wólẹ̀. Nínú ìkejì, ẹ̀rọ tó fẹ́ fi gbé ayé mì gbé ṣòkòtò rẹ̀ mì, ó sì ń ké pe ìyá rẹ̀ títí fíìmù fi parí. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tó dọjọ́ náà, ó yọ́ wọ yàrá ẹ̀rọ sinimá nígbà tí ọ̀gá tó ń yí fíìmù lọ mu omi. Agolo méjì wà lórí ara wọn, ìpẹtà ti jẹ nọ́ńbà wọn. Ọlọ́gbọ́n ayé wa ní ìkíní ló máa wà lókè, ìkejì nísàlẹ̀. Ó mú ti ìsàlẹ̀, ó fi kóòtù bò ó. Kò mọ̀ pé àwọn ayífíìmù kì í tò ó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi hàn tán ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, wọ́n á wá gbé ìkejì lé e.

Gbọ̀ngàn kún. Ayífíìmù yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ má bínú, agolo kan ti sọnù. Ọ̀kan tó kù la máa wò."

Olúwa-Ayé dìde, ó juwọ́ sí wọn. "Ẹ wá wo bí mo ṣe gba ayé!"

Iná kú. Nínú fíìmù, ẹ̀rọ gbé ṣòkòtò rẹ̀ mì. "Ìyá mi o! Ẹ gbà mí o!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ṣé àwọn ọba tó wólẹ̀ fún yín ló gbé ṣòkòtò yín mì yìí?"

"Ẹ dá a dúró! Ẹ ò tíì rí ibi tí mo ti jọba!"

"Ibo ló wà?" làwọn èèyàn bi í.

Ìgbéraga kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Ó ki ọwọ́ bọ inú kóòtù, ó gbé agolo sókè. "Òun nìyí!"

Ayífíìmù na ọrùn jáde. "Bàbá, báwo ni agolo mi ṣe dé inú kóòtù yín?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a.

Ìyàwó kò bú u. Ó gba agolo, ó nà án sí ayífíìmù.

"Ẹ bá wa fi èyí náà sí i, ká wo àwọn ọba. Ẹ̀yin ní tiyín, Olúwa-Ayé, ẹ máa lọ sílé. Àwo àná ń dúró dè yín."

Àwọn tó jókòó ká ẹsẹ̀ kó lè ráyè kọjá. Ní ìlà ìjókòó kọ̀ọ̀kan tó bá sì dé, gbogbo wọn tẹríba fún un.