Kí Wolé-wolé Tó Ti Omi Pa, Kó Kọ́kọ́ Béèrè Ìyá Ọmọ

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdó-Agbè, onílé, àlejò, ẹ fetí sí àṣẹ Kábíyèsí!

Gbogbo yín mọ Abọ́sẹ̀dé, ọmọ Ajíbóyè, tó ń kọ ìlànà sínú kọ̀ǹpútà tó ń ṣí omi fún àdúgbò gbogbo. Ó kọ ìlànà kan ṣe ìyá. Inú ìyá yìí ló kó ìdánwò sí: kí ẹ̀rọ má ṣiṣẹ́ bí táńkì bá gbẹ, kí omi má ya wọlé onílé. Ìlànà àdúgbò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọmọ ìyá yìí. Wọ́n jogún ìdánwò rẹ̀, bí ọmọ ti ń jogún oko.

Olóyè Ọ̀dọ̀fin wá lọ ra wolé-wolé orí kọ̀ǹpútà, tó ń yẹ ìlànà wò. Wolé-wolé yìí kọ́kọ́ yà sílé ọmọ tó ń ṣí omi fún àdúgbò Òkè-Àgbọn. Kò rí ìdánwò nínú ilé, ó pariwo pé aláìdánwò ni, ó ti omi pa. Látọjọ́ Ajé! Látọjọ́ Ajé, ẹ̀yin èèyàn! Ìsàlẹ̀-Odò ló kàn.

Ọ̀dọ̀fin ní kí Abọ́sẹ̀dé lẹ ìdánwò ẹ̀tàn mọ́ ọmọ lára, èyí tí yóò máa béèrè bóyá ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan, kí gbogbo wa sinmi. Abọ́sẹ̀dé kọ̀. Ó ní ọjọ́ tí omi bá ya wọlé, ìdánwò ẹ̀tàn kò ní bá ẹnikẹ́ni gbọ́n ọn. Ó wọ ààfin, ó kúnlẹ̀, ó ní: “Kábíyèsí, ọmọ tó jogún ilé ìyá rẹ̀, ṣé dandan ni kó tún òmíràn kọ́ kí wọ́n tó gbà pé kì í sùn síta?”

Kábíyèsí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àṣẹ rèé!

Èkíní: Wolé-wolé tó bá dé ilé ọmọ gbọ́dọ̀ béèrè ìyá rẹ̀! Kó béèrè ìyá ìyá rẹ̀! Bó bá bá ìdánwò níbẹ̀, kó kí wọn, kó máa lọ.

Èkejì: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ìyá jà pé kò ṣí omi fún àdúgbò kankan. Àwòkọ́ṣe ni ìyá. Ọmọ ló ń ṣí omi.

Ẹ̀kẹta: Ọmọ tó bá fi ìdánwò òfìfo rọ́pò èyí tó jogún, ẹ tì í pa! A ò ní wo ojú ìyá rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ẹni tó bá kọ ìdánwò ẹ̀tàn yóò ru omi fún àwọn ìyá àgbà Òkè-Àgbọn títí orí rẹ̀ yóò fi pá! Títí yóò fi pá!

Ìjìyà wolé-wolé fúnra rẹ̀ ló kù. Kò ní orí tí a lè gbé garawa lé. Nítorí náà, Ọ̀dọ̀fin tó rà á ni yóò bá a rù ú.

Abọ́sẹ̀dé ti wà nídìí kọ̀ǹpútà báyìí, ó ń kọ́ wolé-wolé bí a ti ń béèrè ìyá ọmọ. Omi ti ń dún nínú páìpù.

Ẹnu Kábíyèsí ni mo fi kéde. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń sáré lọ báyìí: Òkè-Àgbọn lèmi náà ń gbé, kànìnkànìn mi sì ti wà lábíyá!