Bí Ọnàjídé Ṣe Ṣẹ́gun Ìlà Tó Ń Gbọ̀n

Ẹ yà lọ́nà, ẹ fàyè sílẹ̀! Ọnàjídé ń bọ̀, ọmọ Ọnàgbèsan, ọmọ agbẹ́gilére Fìdítì, ọmọ-ọmọ ẹni tó gbẹ́ òpó ilé títí tó fi jọ èèyàn, tí àlejò ń kúnlẹ̀ kí i kó tó rántí pé igi ni! Bàbá ńlá rẹ̀ kò gbọ̀n níwájú ìrókò, bàbá rẹ̀ kò gbọ̀n níwájú àpá. Wọ́n ní ẹni bíni là á jọ. Àmọ́ kí n má parọ́: lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì tí mò ń wí yìí, akọni wa ń gbọ̀n níwájú pátákó ìyàwòrán kan tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí kò sì tóbi ju àwo ìjẹun lọ.

Ogun náà kì í ṣe ogun ṣeréṣeré o. Ìyá rẹ̀, Ìyá Àwẹ̀ró, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, kò ní ju fọ́tò kan ṣoṣo lọ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, òjò sì ti jò sí i títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá fi parẹ́. Bẹ́ẹ̀ ojú ìyá ń ṣe bàìbàì, ó ń ṣú lọ. "Àjàní," ló fi oríkì pe ọmọ rẹ̀, "jẹ́ kí n rí bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú yìí tó ṣú tán." Ọnàjídé bá gbé kálámù pátákó, ó ya fìlà, ó ya imú, ó ya ojú. Ó wá ku àbàjà, ìlà mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìlà kọ̀, kò jọ̀lọ̀. Ó ń rí págunpàgun. Ìyá sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ta ló kọ ilà yìí fún un? Ṣé olóólà ti mutí yó ni?"

Orí akọni gbóná. Ó wọ ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún búrọ́ọ̀ṣì inú kọ̀ǹpútà, Ọnàjídé apàṣẹ-fún-ohun-tí-ò-létí, arógunmátijú tó ti tijú lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́jọ́ yẹn! Ó fa òǹkà ìjọ̀lọ̀ láti òdo dé ọgọ́rùn-ún. Yéè! Ìlà jọ̀lọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn ni. Ọwọ́ ti dé etí, ìlà ṣì wà nídìí imú. Ó fà á wálẹ̀ sí mẹ́wàá, ìgbọ̀nrìrì padà dé. Ó ní kí búrọ́ọ̀ṣì túbọ̀ tẹ̀wọ̀n, ilà bàbá nípọn bí okùn ìdérù. "Ọnàjídé, òfò ni ẹ́," ó bú ara rẹ̀. "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ayé rò pé ayàwòrán ni ẹ́!" Síbẹ̀, bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ó tún fa òǹkà sókè.

Ibi tó ti ń nu òógùn tó kán sórí pátákó ló ti gbọ́ tí nǹkan dún ṣà-ṣà-ṣà. Ó wò ó dáadáa. Ọ̀rá ni! Ọ̀rá tí pátákó náà wọ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù, ló ti ká jọ lábẹ́ kálámù. Nínú ilé Ìyá Àwẹ̀ró, nǹkan tuntun kì í bọ́ ọ̀rá: àga wà nínú ọ̀rá, rédíò wà nínú ọ̀rá, aago ògiri ń ka wákàtí nínú ọ̀rá. Ọmọ rẹ̀ náà ò yà kúrò nínú àṣà ilé. Oṣù mẹ́ta rèé tó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ igun ọ̀rá náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má baà yọ. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Síbẹ̀ ọwọ́ akọni kọ̀, kò lè bó o.

"Kí ló dé tóo dáwọ́ dúró?"

"Ìyá, ọ̀rá ni."

Ìyá fi ìka tọ ọ̀rá náà lọ, ó tọ ọ́ bọ̀. "Gbogbo nǹkan ni mo fi ọ̀rá bò nínú ilé yìí," ló wí, "àfi fọ́tò ọkọ mi." Ó dùn ún wọra, omi dà lójú rẹ̀. Ló bá di etí ọ̀rá mú, ó bó o kúrò, fàà!

Ọnàjídé fi òǹkà sí ọgbọ̀n. Ó di èémí mú bí olóólà. Ó fa ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà jókòó. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, gbogbo rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ìyá tún sún mọ́ ọn.

"Òun nìyí," ló wí. "Bàbá Ọnàjídé, ẹ káàbọ̀."

Nítorí náà, kí Fìdítì tòkè tilẹ̀ gbọ́, kí agbẹ́gilére tó wà lókè eèpẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ gbọ́: Ọnàjídé ọmọ Ọnàgbèsan, aṣẹ́gun-má-mú-ẹrú, ti jagun ọ̀sán kan gbáko, ó sì ti ṣẹ́gun ọ̀rá! Ó fẹ́ ju ọ̀tá náà sí agbọ̀n ìdọ̀tí nígbà tí Ìyá na ọwọ́ sí i.

"Gbé e wá, Àjàní. Tóo bá ti tẹ bàbá rẹ sórí bébà, òun la máa fi bò ó."