Kò Sí Ọ̀dàlẹ̀ Nínú Ilé Yìí

Òjò ń rọ̀ sórí òrùlé síléètì, bó ṣe máa ń rọ̀ lójoojúmọ́ ní abúlé náà ní Wales. Idwal Parry, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ tó ṣì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mú pàṣán dání, tẹ́ ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì. Nesta àbúrò rẹ̀ ń gé búrẹ́dì tí ìjọ máa jẹ lọ́la, nígbà tí Idwal bá ṣí wàláà síléètì tó fẹ́ kàn mára ilé. Wọ́n ti gbẹ́ orúkọ baba ńlá wọn, William Parry, sára rẹ̀. Wọ́n wá gbẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn tó yanṣẹ́ lódì láyé ìjọ́sí máa ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé sábẹ́ rẹ̀: "Kò sí ọ̀dàlẹ̀ nínú ilé yìí."

"Nesta, jókòó kó o gbọ́ ìtàn ìran rẹ. Wo ìwé ìkànìyàn: William Parry, òṣìṣẹ́ ihò tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta síléètì. Ìyàwó rẹ̀, Margiad. Inú ilé yìí ni wọ́n ti kà wọ́n."

"Ẹ ti ń fi wọ́n dí wa létí láti ọdún tó kọjá, Bọ̀ọ̀dá mi."

"O ò tíì gbọ́ èyí. Ìwé ikú rẹ̀ dé láàárọ̀." Idwal dìde, ó wúkọ́ bíi pásítọ̀. "'William Parry, ọkọ Margiad. Àpáta já lù ú nínú ihò síléètì, ó sì kú.' Lọ́dún ìyanṣẹ́lódì ńlá gan-an! Akọni! Màá kà á fún gbogbo ìjọ lọ́la."

Nesta gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Nínú ihò síléètì?"

"Nínú rẹ̀ gan-an."

"Lọ́dún ìyanṣẹ́lódì?"

"Ṣé etí ẹ di ni?"

"Rárá o. Nígbà tí gbogbo ọkùnrin abúlé jókòó sílé, tí ebi ń pa ọmọ wọn, kí ni baba ńlá wa ń wá nínú ihò?"

Idwal ń ká ìwé náà pọ̀. "Ó... ó gbàgbé fìlà rẹ̀ síbẹ̀ ni."

"Ṣé abẹ́ àpáta ló fi fìlà sí?"

"Bóyá ó lọ bá àwọn ọ̀dàlẹ̀ wí."

Nesta já ìwé gbà. "'Nígbà tó ń gbẹ́ òkúta lọ́wọ́.' Bọ̀ọ̀dá, ẹ fo ibí yìí."

"Mi ò fò ó. Mo kà á kíákíá ni."

"Ẹni tó bá yọ́lẹ̀ dà, ohun burúkú a yọ́ ọ ṣe. Àpáta ló yọ́ baba tiwa ṣe."

"Kò lè jẹ́ tiwa! William Parry méjì ló wà ládùúgbò yìí, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé ti ìdílé Glenys, òdìkejì títì, ló padà sẹ́nu iṣẹ́!"

"Ta ló sọ fún gbogbo ayé?"

"Bàbá wa."

"Ta ló sọ fún Bàbá?"

"Bàbá tiwọn náà."

"Ọmọ ta ni ìyẹn?"

Idwal wo ilẹ̀. "Ọmọ William."

"William ọkọ Margiad?"

"Òun náà ni."

Ìtìjú bo Idwal. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ilé wọn kì í ra ẹran ní ṣọ́ọ̀bù àwọn Glenys, wọn kì í sì í bá wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Nesta, jọ̀ọ́, bò mí láṣìírí. Wọ́n ti gbẹ́ wàláà tán, mo sì ti pe gbogbo abúlé. Bí wọ́n bá gbọ́, mo gbé."

"Kí lẹ ń bẹ̀rù? Orúkọ kan náà ni. Ẹ fi wàláà sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ baba ńlá."

"Báwo?"

"Ẹ sọdá sí òdìkejì, kẹ́ ẹ bẹ Glenys kó yá yín ní William tiẹ̀ tí kò dalẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la."

"Èmi? Kí n lọ bẹ Glenys? Àwọn tí a kì í kí!"

Nesta tún mú ọ̀bẹ, ó ń gé búrẹ́dì lọ. Kò pariwo, ṣùgbọ́n inú ń bí i gan-an. "Ẹ bẹ̀ ẹ́ dáadáa o. Ká ní ẹ jẹ́ kí n fẹ́ Trefor ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà yìí, tẹ́ ẹ ní ọmọ ọ̀dàlẹ̀ ò gbọdọ̀ fẹ́yàwó nílé wa, à bá ti fẹ́ baba ńlá wọn mọ́ ọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò ní máa yá a lónìí."